Ọ̀nà Tí Epo Ń Gbà Nínú Ọkọ̀ Ìjàpá

Nínú gbogbo ohun tó para pọ̀ di ọkọ̀ àtijọ́, ó ṣòro láti rí èyí tí ojú ń fò dá tó ọ̀nà tí epo ń gbà láti inú táńkì títí dé ẹ́ńjìnnì, nítorí pé kì í dán, kì í dún, kò sì sí ẹni tó ń ya fọ́tò rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá gbé ọkọ̀ jáde fún àfihàn. Ẹni tó ń tún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe lè lo ọdún kan gbáko lórí ọ̀dà nìkan, kí ó wá awọ ìjókòó tó bá ti àkọ́kọ́ mu dé ìlú òkèèrè, kí ó sì wá fi họ́ọ̀sì tó bá kọ́kọ́ bọ́ sí i lọ́wọ́ so pọ́ǹpù mọ́ kabúrétọ̀, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó ń po epo pọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́ kí ó tó wọ inú ẹ́ńjìnnì. Ọ̀nà epo yìí ni àròkọ yìí dá lé, pàápàá jù lọ ohun tó yẹ kí wọ́n fi ṣe é, yálà irin ni, tàbí bàbà, tàbí rọ́bà, tàbí ike. Ìbéèrè náà dà bí ọ̀rọ̀ ọjà lásán, ti ẹni tó ń ṣe ìrònú nípa ohun olówó pọ́ọ́kú àti ohun olówó gọbọi, àmọ́ bí wọ́n bá tú u wò dáadáa, ọ̀rọ̀ nípa àjọṣe ohun olómi pẹ̀lú ohun tó gbà á sínú ni, àti nípa bí epo tí wọ́n ń tà lónìí ṣe yàtọ̀ sí èyí tí àwọn tó ṣe ọkọ̀ náà ní lọ́kàn.

Ọkọ̀ kan wà tí ọ̀rọ̀ yìí hàn lára rẹ̀ ju lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ mìíràn lọ, òun náà ni Volkswagen kékeré tí ẹ̀yìn rẹ̀ yọ gbùǹgbù, tí àwọn Yorùbá wo bí ó ṣe rí tí wọ́n sì sọ ọ́ ní Ìjàpá. Ọdún 1938 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní Jámánì, ọdún 2003 ni èyí tó kẹ́yìn jáde ní ilé iṣẹ́ Puebla ní orílẹ̀-èdè Mẹ́síkò, nígbà tí iye rẹ̀ káàkiri ayé ti lé ní mílíọ̀nù 21. Láti ọdún 1975 ni wọ́n ti ń tò ó pọ̀ ní Ọ̀jọ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ó sì di ọkọ̀ olùkọ́, ọkọ̀ nọ́ọ̀sì àti ọkọ̀ akọ̀wé ìjọba ní ọ̀pọ̀ ìlú ilẹ̀ Yorùbá. Ohun tó mú kí ó bá ọ̀rọ̀ yìí mu ni pé iwájú ni táńkì rẹ̀ wà, lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ̀yìn sì ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà, tó fi jẹ́ pé epo ní láti rin ọ̀nà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gígùn ọkọ̀ náà kí ó tó dé ibi tí yóò ti jóná. Páìpù irin tín-ín-rín kan gba inú ihò gbọọrọ tó la àárín ilẹ̀ ọkọ̀ kọjá, ihò kan náà tí wáyà kilọ́ọ̀ṣì, wáyà ìtẹnámọ́lẹ̀ àti ọ̀pá jíà ń gbà. Rọ́bà kúkúrú kan so ó mọ́ táńkì níwájú, rọ́bà kúkúrú mìíràn gbà á lẹ́yìn nítòsí gíábọ́ọ̀sì, lẹ́yìn náà ni epo gba ihò tó wà lára páánù iwájú ẹ́ńjìnnì wọlé sọ́dọ̀ pọ́ǹpù, kí pọ́ǹpù tó tì í lọ sí kabúrétọ̀.

Kò sí ọkọ̀ tí ọ̀nà epo rẹ̀ lè le tán tàbí kí ó rọ̀ tán. Ẹ́ńjìnnì kì í dúró sójú kan, ó ń gbọ̀n nígbà tí wọ́n bá ṣí i, ó ń fì sọ́tùn-ún ó ń fì sósì lórí àwọn rọ́bà tó gbé e dúró, nígbà tí ara ọkọ̀, níbi tí wọ́n de páìpù irin mọ́, ń gbọ̀n ní ọ̀nà tirẹ̀ bí táyà bá ṣe ń já sí kòtò. Bí wọ́n bá fi irin kan ṣoṣo so méjèèjì pọ̀, irin náà ni yóò ru ìyàtọ̀ tó wà nínú ìrìn wọn, bó pẹ́ bó yá yóò sì kán. Nítorí náà, ibi tí ohun méjì bá ti ń rìn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni ipò rọ́bà, ibi tí kò bá sí ìrìn ni ipò irin, gígùn rọ́bà náà kò sì gbọ́dọ̀ kọjá ohun tí ìrìn yẹn béèrè, torí pé rọ́bà ń gbó, ooru ń gbẹ ẹ́, eku pàápàá ń ge é jẹ. Ẹni tó bá yọ páìpù irin inú Ìjàpá kúrò nítorí pé ó ti dípẹtà, tó wá na rọ́bà kan ṣoṣo láti táńkì dé pọ́ǹpù, ti sọ gbogbo gígùn ọkọ̀ náà di ibi tí jíjò ti lè bẹ̀rẹ̀, ó sì tún jẹ́ nínú ihò tí ojú kò tó, tí ọ̀pá jíà ń lọ síwá sẹ́yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Rọ́bà tí wọ́n lò lára Ìjàpá láti ìbẹ̀rẹ̀ jẹ́ rọ́bà dúdú tín-ín-rín tí wọ́n hun òwú bò lára, ó sì dùn-ún wò gan-an, ó jọ okùn tí ọwọ́ ẹ̀dá hun fúnra rẹ̀. Àwọn tó fẹ́ràn ọkọ̀ àtijọ́ kì í fẹ́ fi sílẹ̀, nítorí pé òun ni ẹ̀rí pé ẹni tó tún ọkọ̀ náà ṣe kò fi ohun òde òní bà á jẹ́. Àléébù kan ṣoṣo tó ní ló burú: òwú yẹn ló ń bo rọ́bà lójú, bí rọ́bà bá sì ń gbẹ, tó ń sán wẹ́wẹ́ láti inú wá, kò sẹ́ni tí yóò rí i títí òwú náà yóò fi tutù fún epo. Lójú òǹkọ̀wé yìí, ohun tó bá ń gbé epo bẹntiróò kọjá lókè ẹ́ńjìnnì gbígbóná gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí ènìyàn lè wò lójú kan kí ó sì mọ bí ara rẹ̀ ti rí.

Ewu tó wà níbẹ̀ yẹ ní ṣíṣàlàyé ní kíkún. Lára kabúrétọ̀ Ìjàpá, ọ̀pá idẹ kékeré kan ni wọ́n tẹ̀ wọnú ihò láti gba ẹnu rọ́bà, kò sì sí ohun mìíràn tó dì í mú ju bí ó ṣe fún mọ́ ihò náà lọ. Idẹ kò wú fún ooru ní ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú ohun tí wọ́n fi da ara kabúrétọ̀, nítorí náà, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún gbígbóná àti títutù, ọ̀pá náà lè tú, kí ó sì yọ tòun ti rọ́bà tó wà lẹ́nu rẹ̀. Nígbà náà, pọ́ǹpù kò mọ̀ pé ọ̀nà ti já, ẹ́ńjìnnì ṣì ń yí, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ, epo sì ń dà sórí irin gbígbóná nítòsí dísítíríbútọ̀, ẹ̀rọ tó ń pín iná mànàmáná fún àwọn púlọ́ọ̀gì. Ẹ́ńjìnnì náà kò ní omi tó ń tù ú, afẹ́fẹ́ ni fáànù ńlá kan ń fẹ́ sí i lára, afẹ́fẹ́ yẹn kan náà ló sì ń fẹ́ iná bí ó bá ràn. Lékè gbogbo rẹ̀, irin fúyẹ́fúyẹ́ tí wọ́n ń pè ní magnẹ́síọ̀mù ni èyí tó pọ̀ jù nínú àdàlù tí wọ́n fi da àpótí ẹ́ńjìnnì náà. Bí ó bá gbóná tó, òun fúnra rẹ̀ á gbiná, á máa jó pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ funfun gbòò, omi tí wọ́n bá sì dà sí i ni yóò fọ́ sí háídírójìn tí yóò tún jẹ́ kí iná náà le sí i. Rọ́bà gígùn bí ìka ọwọ́ kan ló wà láàárín gbogbo èyí àti awakọ̀.

Ìtàn rọ́bà fúnra rẹ̀ ń kọ́ni ní nǹkan. Rọ́bà tó ń jáde lára igi, irú èyí tí wọ́n ń kọ ara igi fún ní àwọn oko Ìpínlẹ̀ Ondó àti Ẹdó, kò lè gba epo bẹntiróò sínú rárá, ńṣe ni yóò máa mu epo náà, yóò máa wú, yóò sì rọ̀ títí yóò fi já, nítorí pé ìbátan ni òun àti epo náà: kábọ́ọ̀nù àti háídírójìn ni àwọn méjèèjì fi di ohun tí wọ́n jẹ́, ohun tó bá sì jọra bẹ́ẹ̀ máa ń wọ inú ara wọn. Ní àwọn ọdún 1930 ni àwọn onímọ̀ kẹ́míkà ní Jámánì ṣe rọ́bà àtọwọ́dá tí wọ́n ń pè ní nítíráìlì, tí wọ́n fi èròjà kan tó ní náítírójìn nínú yí i padà tó bẹ́ẹ̀ tí epo bẹntiróò kò fi rí i wọ̀ mọ́. Rọ́bà yìí ló gbé epo fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún láìsí ìjà, ìdí sì ni pé epo tó wà nínú táńkì nígbà náà jẹ́ epo nìkan.

Ọtí ló wá dá ìjà sílẹ̀. Ẹ̀tánọ́ọ̀lù, ìyẹn ọtí kan náà tó ń mú ògógóró pani, ni wọ́n ń fi ìrèké tàbí àgbàdo ṣe láti pò mọ́ epo bẹntiróò, kí epo tí wọ́n ń wà láti inú ilẹ̀ lè pẹ́ sí i, kí èéfín rẹ̀ sì dín kù. Nítíráìlì tó kọ epo bẹntiróò kò lè kọ ọtí bẹ́ẹ̀: ọtí ń wọ inú rẹ̀, ó ń mú un wú, ó sì ń fọ òróró tó jẹ́ kí ó rọ̀ kúrò, tó fi jẹ́ pé bí ọkọ̀ náà bá wà lórí ìdúró fún oṣù mélòó kan tí epo sì gbẹ nínú ọ̀nà, rọ́bà náà á le, á sì sán. Yàtọ̀ sí èyí, ọtí fẹ́ràn omi; ó ń fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, bí omi náà bá sì pọ̀ ju ohun tó lè gbà lọ, òun àti omi á yà kúrò lára epo, wọ́n á sì rì sí ìsàlẹ̀ táńkì, níbi tí ẹnu páìpù wà gan-an. Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, ìwọ̀n ọtí tó lè wà nínú epo tí wọ́n ń tà fún ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kúrò ní 5 nínú 100, ó di 10, ìjọba ibẹ̀ sì gba àwọn tó ní ọkọ̀ àtijọ́ nímọ̀ràn pé kí wọ́n máa ra èyí tó ṣì wà ní 5. Ìmọ̀ràn náà dára, àmọ́ ilé epo ni ó gbé e lé lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ rọ́bà ni yóò jìyà rẹ̀.

Bùràsíìlì ni ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ yìí yóò ṣe rí ní ìgbẹ̀yìn gbọ́dọ̀ wò. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1975, ọdún kan náà tí Ìjàpá bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní Ọ̀jọ́, ni ìjọba Bùràsíìlì dá ètò kan tí wọ́n pè ní Proálcool sílẹ̀, láti fi ọtí ìrèké rọ́pò epo tí wọ́n ń rà láti òkè òkun, nígbà tó sì di ọdún 1979, ọkọ̀ Fiat 147 tó ń mu ọtí nìkan ti wà lójú títì. Ìjàpá, tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní Fusca, náà kò gbẹ́yìn nínú àwọn ọkọ̀ tó mu ọtí. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ibẹ̀ kò jókòó kí wọ́n máa bá ọtí jà. Ńṣe ni wọ́n fi níkẹ́ẹ̀lì bo inú kabúrétọ̀ kí ọtí má bàa jẹ ẹ́, wọ́n sì yí àwọn èròjà mìíràn tí epo ń kàn padà. Epo bẹntiróò tí wọ́n ń tà ní Bùràsíìlì ní ọtí 27 nínú 100 láti ọdún 2015, ó sì di 30 ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, ọkọ̀ àtijọ́ sì ń rìn níbẹ̀ síbẹ̀.

Ní Nàìjíríà, ẹ̀kọ́ náà gba ọ̀nà tó korò jù bẹ́ẹ̀ lọ wọlé. Ní oṣù kejì ọdún 2022, epo tí mẹ́tánọ́ọ̀lù pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti dé àwọn ilé epo kí ó tó hàn síta, mẹ́tánọ́ọ̀lù sì jẹ́ ọtí mìíràn tó le sí irin àti rọ́bà ju ẹ̀tánọ́ọ̀lù lọ, tó sì jẹ́ májèlé fún ènìyàn. Wọ́n kó o kúrò nílẹ̀, ìlà gígùn sì wà ní ilé epo fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Kò sí awakọ̀ kankan tó lè fi ojú tàbí imú mọ̀ pé epo tí wọ́n ń bù sínú táńkì òun ní ohun tí kò yẹ nínú. Ọ̀nà epo ló kọ́kọ́ ń pàdé rẹ̀. Èyí ni òǹkọ̀wé yìí fi gbà pé epo tó burú jù tó ṣeé ṣe kí ọkọ̀ kan mu ló yẹ kí wọ́n fi sọ́kàn nígbà tí wọ́n bá ń yan rọ́bà rẹ̀, kódà bí ìwé ọkọ̀ náà bá sọ ohun mìíràn.

Rọ́bà tó tó bẹ́ẹ̀ wà, orúkọ rẹ̀ sì máa ń wà lára rẹ̀ fún ẹni tó bá lè kà á. Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń gé orúkọ rẹ̀ kúrú sí SAE, ní ìlànà kan fún rọ́bà epo tí wọ́n ń pè ní J30, lábẹ́ ìlànà yìí ni R6 àti R7 wà, tí inú wọn sábà máa ń jẹ́ nítíráìlì, tí R9 náà sì wà, tí inú tirẹ̀ jẹ́ irú rọ́bà mìíràn tó ní fúlúórínì, èyí tí ọtí kì í tètè wọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé agbára ni R9 fi ju R7 lọ, nítorí pé ó lè gba ìwọ̀n psi 100, ìyẹn ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn afẹ́fẹ́ táyà, nígbà tí ti R7 jẹ́ 50. Pọ́ǹpù Ìjàpá kò ti epo ju nǹkan bí psi 5 lọ, táyà ọkọ̀ kékeré lásán sì ń gba nǹkan bí 30, nítorí náà kò sí rọ́bà epo tí agbára pọ́ǹpù náà lè bẹ́. Nítorí awọ inú rẹ̀ ni R9 ṣe yẹ Ìjàpá. Ní ọjà Ládìpọ̀ ní Èkó tàbí ní Gate ní Ìbàdàn, tàbí ní ọjà èyíkéyìí tí wọ́n ti ń gé rọ́bà fún oníbàárà lára èyí tí wọ́n ká kalẹ̀, ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí ojú wá ni lẹ́tà wọ̀nyí, èkejì ni ẹnu ibi tí wọ́n ti gé e, níbi tí awọ inú ti sábà máa ń hàn yàtọ̀ sí ti òde. Rọ́bà tí kò ní àkọlé kankan lè jẹ́ ti omi, ó lè jẹ́ ti afẹ́fẹ́, ó sì lè dúró fún epo fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré.

Ohun kan tún wà tó kọjá rọ́bà, òun ni PTFE, ike funfun tí wọ́n fi ń bo inú ìkòkò tí oúnjẹ kì í lẹ̀ mọ́. Roy Plunkett ló ṣalábàápàdé rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ DuPont ní Amẹ́ríkà ní ọjọ́ 6 oṣù kẹrin ọdún 1938, ní ọdún tí ìtàn Ìjàpá fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Kò sí epo, kò sí ọtí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí kẹ́míkà tó lè ṣe é ní nǹkan kan, kì í sì í jẹ́ kí òórùn epo là á kọjá bí rọ́bà lásán ti ń ṣe, tó fi ń jẹ́ pé ilé tí wọ́n gbé ọkọ̀ àtijọ́ sí máa ń rùn fún epo láìsí jíjò kankan. Àmọ́ ó le, kì í tẹ̀ wọ kọ̀rọ̀ tóóró, bí wọ́n bá sì fipá tẹ̀ ẹ́, á ṣẹ́ sínú, ọ̀nà epo á dí. Ó tún ní ìwà kan tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀: epo tó ń yára kọjá nínú rẹ̀ ń kó iná mànàmáná jọ sí i lára, bí aṣọ tó gbẹ ti ń ṣe nígbà ọyẹ́, iná náà sì lè ta gbà lára rẹ̀ kí ó lu ihò tó kéré bí ojú abẹ́rẹ́. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ń po kábọ́ọ̀nù dúdú mọ́ ọn fún ọkọ̀ tí pọ́ǹpù rẹ̀ lágbára, kí iná náà lè rí ọ̀nà bá jáde.

Ní ti apá tó le, ọ̀rọ̀ kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Irin lásán, èyí tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ń lò, jẹ́ irin pẹlẹbẹ tí wọ́n ká lé ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tí wọ́n sì fi bàbà jó pọ̀, ó le, ó sì dára, ọ̀tá rẹ̀ ni ìpáàrà, tí àwọn mìíràn ń pè ní ìpẹtà, tó ń ti ìta wọlé láti ara omi òjò, tó sì ń ti inú jáde nígbà tí ọtí bá gbé omi wá. Bàbà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sáré sí nítorí pé ọwọ́ lásán lè tẹ̀ ẹ́, àfi pé ìrọ̀rùn yẹn kì í pẹ́: bí ó bá ti ń gbọ̀n lójoojúmọ́, ó ń le sí i díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi kán, gẹ́gẹ́ bí wáyà tí ọmọdé ń tẹ̀ síwá sẹ́yìn ti ń já, ó sì tún ń mú kí epo tètè bàjẹ́ di ohun tó ń lẹ̀ nínú kabúrétọ̀. Bí wọ́n bá po níkẹ́ẹ̀lì 10 mọ́ bàbà 90 nínú 100 pẹ̀lú irin àti máńgánísì díẹ̀, ohun tó jáde á rọrùn láti tẹ̀, kò ní dípẹtà, gbígbọ̀n kò sì ní tètè pa á. Ó ti wà lára ọkọ̀ Volvo láti ọdún 1976 fún páìpù bíréèkì, níbi tí ẹ̀mí ènìyàn wà gan-an. Èyí ni òǹkọ̀wé yìí yóò fi sínú ihò àárín Ìjàpá láìṣiyèméjì. Irin tí kì í dípẹtà lágbára jù ú lọ, àmọ́ ó ṣòro láti mú ẹnu rẹ̀ fẹ̀ bí ẹnu fèrè kí ó tó lè wọ ìdè rẹ̀, ẹnu tí kò bá sì fẹ̀ dáadáa á máa jò. Alumínọ́ọ̀mù fúyẹ́, àwọn eléré ìje fẹ́ràn rẹ̀, ó sì ń yọ́ ní ìwọ̀n ooru 660°C péré. Níbi tí afẹ́fẹ́ òkun bá ti ń fẹ́ bí ti Èkó, tí ó sì fara kan irin, òun ni iyọ̀ yóò jẹ.

Ọkọ̀ eré ìje yí gbogbo ìṣirò yìí padà, nítorí pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń retí pé ọkọ̀ yóò forí sọ nǹkan. Ní Zandvoort ní orílẹ̀-èdè Nẹ́dálándì ní ọjọ́ 29 oṣù keje ọdún 1973, ọkọ̀ Roger Williamson dojú dé, ó sì gbiná, David Purley tó jẹ́ eléré bíi tirẹ̀ dúró, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbìyànjú láti yí ọkọ̀ náà padà, kò ṣeé ṣe, Williamson sì kú síbẹ̀. Ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn ni òfin eré náà bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè táńkì tó rọ̀ bí àpò, kí ó lè tẹ̀ láìbẹ́, àti ìdè tó jẹ́ pé bí ó bá já, ẹnu méjèèjì á pa dé fúnra wọn kí epo má bàa dà. Lóde òní, òfin FIA, ìyẹn àjọ àgbáyé tó ń bójú tó eré ọkọ̀, béèrè pé ọ̀nà epo tó rọ̀ gbọ́dọ̀ lè gba ìwọ̀n bar 70, tó tó nǹkan bí psi 1000, kí ó tó bẹ́, ní ooru tí kò dín ní 135°C, kí ohun tí wọ́n hun bò ó lára sì lè kọ iná àti ìfàya. Ìdè tí wọ́n ń lò jù wá láti ọwọ́ àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ẹnu rẹ̀ ṣí ní dìgírì 37, nígbà tí ti ọkọ̀ lásán ṣí ní 45, ẹni tó bá sì fipá so méjèèjì pọ̀ yóò rí i pé wọ́n fún mọ́ra lójú, wọ́n sì ń jò ní ìkọ̀kọ̀.

Wáyà irin tí wọ́n hun bò rọ́bà eléré ìje lára ló ń wu àwọn oní-Ìjàpá, ó sì yẹ kí wọ́n ṣọ́ra fún un. Rọ́bà lásán àti PTFE lè wà lábẹ́ wáyà kan náà, kí ó sì ṣòro láti fi ojú ìta mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Wáyà náà ń bo rọ́bà lójú gẹ́gẹ́ bí òwú àtijọ́ ti ń ṣe, ó sì dà bí ayùn sí ohunkóhun tó bá ń fara kàn. Eléré ìje ń yọ ọ́, ó ń yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn eré. Ní Indianapolis, níbi tí wọ́n ti fi mẹ́tánọ́ọ̀lù sáré láti ọdún 1965, lẹ́yìn iná tó pa àwọn eléré Eddie Sachs àti Dave MacDonald lọ́dún tó ṣáájú, títí di ọdún 2006, àwọn òṣìṣẹ́ máa ń fọ ọ̀nà epo mọ́ lẹ́yìn eré nígbà náà, torí pé ọtí náà kò gbọ́dọ̀ sùn nínú alumínọ́ọ̀mù. Oní-Ìjàpá kì í ní irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ rẹ̀ sì lè dúró láti ọdún kan dé èkejì.

Ìbéèrè tó kù ni ti òdodo sí ohun àtijọ́, kò sì yẹ kí wọ́n fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn, nítorí ìfẹ́ tòótọ́ ló bí i. Bí wọ́n bá yọ rọ́bà olówùú kúrò, tí wọ́n fi R9 dúdú tí kò lẹ́wà sí i, ṣé Ìjàpá ọdún 1967 náà ṣì ni? Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, koríko bẹẹrẹ ni wọ́n fi ń bo òrùlé ààfin, ọdún Bẹẹrẹ sì wà nítorí kí koríko tuntun lè máa dé ọ̀dọ̀ Aláàfin láti fi tún un bò. Kò sí ẹni tó sọ pé ààfin ti di òmíràn nítorí koríko, nítorí pé àwọn tó kọ́ ọ mọ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́ pé koríko yóò jẹrà, ògiri ni yóò dúró. Rọ́bà lára ọkọ̀ rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Àwọn tó ṣe Ìjàpá kò retí pé rọ́bà epo rẹ̀ yóò pẹ́ tó ara rẹ̀, wọ́n ṣe é kí ó lè ṣeé fà yọ, wọ́n sì fi sí ibi tí ọwọ́ mẹkáníìkì tó. Nítorí náà, ẹni tó bá ń pààrọ̀ rẹ̀ lọ́dún márùn-ún márùn-ún, tó sì ń fi èyí tó bá epo ìgbà rẹ̀ mu sí i, ń ṣe ohun tí wọ́n ní lọ́kàn fún un. Bí àwòrán àtijọ́ bá jẹ ẹ́ lógún púpọ̀, rọ́bà tí wọ́n hun òwú bò, tí awọ inú rẹ̀ sì lè gba ọtí, wà ní títà, kìkì pé kí ó gbà pé ọjọ́ orí rẹ̀ ni yóò máa fi pààrọ̀ rẹ̀, láìdúró de ohun tí ojú rí.

Lẹ́yìn yíyan ohun èlò, bí wọ́n ṣe dè é ló kù. Kílíìpù tí wọ́n ń fi sikirúdíráfà yí, tó ní ihò wẹ́wẹ́ lára, máa ń ge rọ́bà tín-ín-rín bí ọ̀bẹ, èyí tó ká etí sókè tí inú rẹ̀ sì dán ló yẹ. Ọ̀pá idẹ inú kabúrétọ̀ sì yẹ kí wọ́n mì wò kí wọ́n tó dá ọkọ̀ padà, bí ó bá sì mì, kí wọ́n tún un tẹ̀ wọlé tàbí kí wọ́n fi èyí tó ní ìdè yíyí rọ́pò rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ihò ara páánù iwájú ẹ́ńjìnnì, níbi tí páìpù irin ti ń wọlé. Rọ́bà róbótó kan, tó kéré bí òrùka ìka ọwọ́, ló yẹ kí ó wà ní ẹnu ihò náà láti ya páìpù kúrò lára páánù. Lára ọ̀pọ̀ Ìjàpá tó ṣì ń rìn, ó ti sọnù láti ọjọ́ tí wọ́n ti sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀ kẹ́yìn, ẹni tó gbé e padà kò wá òmíràn sí i, etí páánù náà sì ti ń ha ara páìpù láti ìgbà náà, nígbàkigbà tí ọkọ̀ bá ń rìn.